Eruku Tó Gba Orí Páànù Wa Kọjá

Mi ò rí òkun rí.
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ omi odò Ọba.
Omi tí ẹ fi wẹ̀ ní Ìjerù, tí ẹ fi mu gàrí ní Àpákè,
ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ kàn án.
Síbẹ̀ mi ò mọ̀ pé ìlú kan ń gbé inú rẹ̀,
àfi ọjọ́ tí Ládùntán, ọmọ yunifásítì, gbé ike wá,
ó bu omi díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ wá wò ó."

Mo fojú sí ihò maikirosíkóòpù.
Ìpéǹpéjú ara mi ni mo kọ́kọ́ rí.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó yí nǹkan kan.
Háà.
Ewé tí kò ní igi, ewé tí kò ní gbòǹgbò.
Òmíràn gùn bí abẹ́rẹ́,
òmíràn dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já lọ́rùn ọmọdé,
òmíràn sì fi dígí kọ́lé, dígí gidi,
ohun tó yọ́ lára iyanrìn ló fi mọ ògiri.
"Koríko omi nìyí," ó ní.
"Bí kò bá sí, ẹja kankan ò ní jẹun láyé."

Mo bi í pé kí ló ń sọ odò wa di omi ewúro
lẹ́yìn òjò kejì, tó ń rùn,
tí mo fi ń da álọ́ọ̀mù sí i títí apá á fi ro mí.
Ó nàka sí oko àgbàdo Olágòkè lókè odò.
Àpò ajílẹ̀ méjìlá, àwìn ló rà á.
Àgbàdo ò tíì jẹ ìdajì tí òjò fi dé;
ìyókù yọ́, ó ṣàn wá bá wa.
Bí fọ́sífọ́ọ̀sì bá pọ̀, tí náítírójìn ò bá a dọ́gba,
ẹni tó lè fa oúnjẹ látinú afẹ́fẹ́ ló ń jọba,
ewé pẹ́lẹ́bẹ́ kan báyìí tí ẹja ò fẹ́ fẹnu kàn.
Àwọn onílé dígí á rì.
Àpọ̀jù oúnjẹ náà ń tú ìlú.

"Òkun ńkọ́?"
Ó ní ibi tí òkun ti rí bí aró, tó ń dán,
tí àwọn èèyàn ń yà ní fọ́tò,
ebi ni. Ebi ló mọ́ tó bẹ́ẹ̀.
Oòrùn wà lókè,
oúnjẹ wà nísàlẹ̀, nínú òtútù àti òkùnkùn,
omi gbígbóná sì dé e bí ọmọrí ìkòkò.
Níbẹ̀, abara-ńlá kì í pẹ́.
Àwọn tín-ín-tìn-ín ló ń yè é,
àwọn tí ìwọ̀nba díẹ̀ ń yó,
títí ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ á gbá omi òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
tí ti ìsàlẹ̀ á gòkè wá pẹ̀lú ẹrù oúnjẹ,
tí àwọn onílé dígí á tún jí.

Ó wá sọ ọ̀kan tí mi ò gbàgbé.
Eruku ọyẹ́ yìí, tó ń la wá létè láti oṣù Ọ̀pẹ,
irin wà nínú rẹ̀,
díẹ̀ báyìí, bí ìpẹtà orí ìṣó.
Ó ń gba orí páànù Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá lọ sí gúúsù,
ó ń já sí omi níbi tí ebi ti ń pa ewé.
Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ ló ń débẹ̀?"
Ó ní àwọn ṣì ń wọ̀n ọ́n.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí.
Lọ́yẹ̀ẹ́ tó kọjá, Móníyẹ̀ ń din òkú Èkó,
mo jókòó ti fèrèsé, mo fìka kan eruku,
mo tọ́ ọ lá. Ó korò díẹ̀.
Mo ní, "Má nu èyí. Ó ń rìnrìn àjò."
Ó wò mí bí ẹni tí ibà ń ṣe,
ó mú àkísà, ó nù ún,
ó fọ àkísà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.
Omi pọ́n.
Mo pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà.